Ta Ló Ń Ṣọ́ Ẹnu Àwọn Àgbà? Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Àbójútó Ilé Eyín àti Ilé Àgbà ní England

Ẹni tí òbí rẹ̀ ń gbé ní ilé ìtọ́jú àgbà ní England la kọ èyí fún, àti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ (ọmọ Yorùbá pọ̀ nínú iṣẹ́ náà, ẹ̀yin náà mọ̀), àti ẹni tó kàn fẹ́ mọ ilẹ̀kùn tí òun máa kàn nígbà tí nǹkan bá wọ́. Iye owó tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2025.

Àjọ wo gan-an ni ìjọba fi ń ṣọ́ ilé eyín àti ilé àgbà?

Àjọ kan náà ló ń ṣọ́ méjèèjì: Care Quality Commission, tí gbogbo ayé ń pè ní CQC. Òfin Health and Social Care Act 2008 ló gbé e kalẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2009, nígbà tí wọ́n pa àjọ mẹ́ta tó wà tẹ́lẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan. Ilé eyín bọ́ sábẹ́ rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2011. Ẹni tó bá ṣí ilé eyín tàbí ilé àgbà láìforúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CQC ti rú òfin, ìbáà jẹ́ NHS, ètò ìlera ìjọba, ló ń sanwó, ìbáà jẹ́ àpò aláìsàn ló ti ń jáde.

CQC kò dá a ṣe o. Ilé àti ètò inú rẹ̀ ni CQC ń wò. General Dental Council, ìyẹn GDC, ló ń wo ènìyàn: dókítà eyín, nọ́ọ̀sì eyín, ẹni tó ń ṣe eyín àtọwọ́dá, olúkúlùkù pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. ICB, ìyẹn Integrated Care Board ti agbègbè yín, ló di àpò owó NHS fún ìtọ́jú eyín mú láti oṣù kẹrin ọdún 2023. Káńsù ló ń sanwó ìtọ́jú fún àgbà tí owó rẹ̀ kò ká a, òun náà ló sì gbọ́dọ̀ wádìí bí ẹnì kan bá ń fìyà jẹ àgbà tàbí tó pa á tì. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kùnà nìyí: wọ́n á gbé ẹjọ́ dókítà lọ bá CQC, wọ́n á gbé ẹjọ́ ilé lọ bá GDC, oṣù mẹ́ta á ti lọ kí ẹnì kan tó sọ fún wọn pé ibẹ̀ kọ́.

Ṣé CQC náà ló wà ní Scotland àti Wales?

Rárá. Ní Scotland, Care Inspectorate ló ń wo ilé àgbà. Ní Wales, Care Inspectorate Wales ló ń wo ilé àgbà, Healthcare Inspectorate Wales sì ń wo ilé eyín. Ní Northern Ireland, RQIA ló ń wo méjèèjì. England nìkan ni ìyókù ọ̀rọ̀ yìí wà fún.

Mo wá ipò tí CQC fi ilé eyín wa sí, n kò rí nǹkan kan. Ṣé wọ́n ń fi pamọ́ ni?

Wọn kò fi pamọ́. CQC kì í fún ilé eyín ní ipò. Ilé àgbà ló ń gba ọ̀kan nínú mẹ́rin wọ̀nyí: Outstanding, tó ta yọ, Good, tó dára, Requires improvement, tó yẹ kí wọ́n tún ṣe, àti Inadequate, tí kò dára tó rárá. Ti ilé eyín, ìròyìn lásán ni wọ́n máa ń kọ, pé ó pa òfin mọ́ tàbí pé kò pa á mọ́. Wọn kì í sì í bẹ gbogbo ilé eyín wò lọ́dọọdún. Fún ọdún púpọ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ni wọ́n ń dé lọ́dún kan. Bí ilé eyín tí ẹ ń lọ kò bá ní ìròyìn tuntun, ó lè jẹ́ pé kò tíì kàn án ni.

Bí wọ́n bá wá sí ilé eyín, kí ni wọ́n ń wò?

Ohun tó lè pa ènìyàn ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá. Èkíní ni bí wọ́n ṣe ń fọ irin iṣẹ́. Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé ni HTM 01-05. Irin tó jáde lẹ́nu aláìsàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di fífọ̀. Bó bá jẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, omi náà kò gbọdọ̀ gbóná ju 45°C lọ, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó bá pàdé omi gbígbóná máa ń dì mọ́ irin, bí ẹyin ṣe ń dì mọ́ ìkòkò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ dígí tó ń sọ nǹkan di ńlá tó sì ní iná. Ẹ̀yìn ìyẹn ló ń wọ autoclave, ẹ̀rọ tó ń fi ooru pa kòkòrò, níbi tí ooru 134 sí 137°C á ti mú un fún ìṣẹ́jú 3 ó kéré tán. Ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ ní ìwé ìdánwò ojoojúmọ́. Ìwé yìí gan-an ni olùbẹ̀wò ń béèrè, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń mú ọ̀pọ̀ ilé: ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Tàbí kí wọ́n ti kọ ti ọ̀la sílẹ̀ lónìí.

Èkejì ni omi. Páìpù tín-ín-rín tó ń gbé omi lọ sí ẹ̀rọ ìgbẹ́yín máa ń gba kòkòrò láàyè bí omi bá dúró sínú rẹ̀ mọ́jú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jẹ́ kó ṣàn fún ìṣẹ́jú 2 láàárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó jókòó, àti fún ìṣẹ́jú-àáyá 20 sí 30 láàárín aláìsàn kan sí èkejì.

Ẹ̀kẹta ni àpótí pàjáwìrì: adrenaline, aspirin 300 mg, súgà tó ń yára wọra, glucagon tó ń gbé súgà ẹ̀jẹ̀ sókè, salbutamol fún ikọ́ asthma, GTN fún àyà dídùn, midazolam fún gìrì, afẹ́fẹ́ oxygen, àti ẹ̀rọ AED tó ń ta ọkàn jí. Ó yẹ kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá ló wọ́pọ̀ jù nínú àwọn àṣìṣe ibẹ̀.

Wọ́n tún ń wo ìwé ẹ̀rọ X-ray àti ìwé ìgbanisíṣẹ́, títí kan àyẹ̀wò DBS, tó ń fi hàn bóyá ènìyàn ti dẹ́ṣẹ̀ òfin rí. Bí dókítà ṣe mọ iṣẹ́ eyín dídí sí kò sí nínú ohun tí CQC fi ń da ara rẹ̀ láàmú púpọ̀.

Ilé àgbà tí a fẹ́ fi Màmá sí jẹ́ Good. Ṣé ìyẹn tó?

Ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ tí wọ́n fún un. Ìbéèrè márùn-ún ni CQC ń béèrè: ṣé ibẹ̀ kò léwu, ṣé ìtọ́jú náà ń ṣiṣẹ́, ṣé wọ́n ní inú rere, ṣé wọ́n ń dáhùn sí ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan nílò, ṣé aṣáájú ibẹ̀ mọ iṣẹ́. Ilé lè jẹ́ Good lápapọ̀ kí ìbéèrè kìíní, ti ewu, sì jẹ́ Requires improvement. Ẹ má wo lẹ́tà ńlá ara ògiri nìkan. Ẹ ṣí ìròyìn náà, kí ẹ wo márààrún lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní oṣù keje ọdún 2024, Dr Penny Dash, tí ìjọba ní kó yẹ CQC fúnra rẹ̀ wò, sọ nínú ìròyìn àkọ́kọ́ rẹ̀ pé iye ìbẹ̀wò ti lọ sílẹ̀ gan-an sí ti àkókò ṣáájú Kòrónà, àti pé nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún àwọn ibi tí àjọ náà lágbára láti yẹ̀ wò ni kò tíì gba ipò kankan rí. Wes Streeting, tó jẹ́ mínísítà ìlera nígbà náà, sọ ọ́ gbangba pé àjọ náà kò tó iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Nítorí náà, Good tó ti lé ní ọdún mẹ́ta, ìtàn ni. Mánéjà tó gbà á lè ti lọ, àwọn òṣìṣẹ́ tí olùbẹ̀wò bá sọ̀rọ̀ lè ti tú ká. Ẹ béèrè pé, "Láti ìgbà wo ni mánéjà yín ti wà níbí? Mánéjà mélòó lẹ ti ní láàárín ọdún mẹ́ta?" Ìdáhùn ìbéèrè yẹn ń sọ òótọ́ ju ìwé ara ògiri lọ.

Bó bá jẹ́ àjọ kan ló ń ṣọ́ méjèèjì, báwo ni eyín àwọn àgbà ṣe ń jẹrà nínú ilé?

Olùbẹ̀wò eyín kì í dé ilé àgbà. Olùbẹ̀wò ilé àgbà sì ń wo oògùn, ìṣubú, ọgbẹ́ ìdùbúlẹ̀, oúnjẹ, iye òṣìṣẹ́. Ẹnu wà láàárín gbogbo rẹ̀, kò sí ẹni tó dìídì là á wò. Ní oṣù kẹfà ọdún 2019 ni CQC fúnra rẹ̀ gbé ìròyìn kan jáde lẹ́yìn tí wọ́n wọ ilé àgbà 100. Ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún kò ní ìlànà kankan lórí ìtọ́jú ẹnu. Ìdá 47 kò kọ́ òṣìṣẹ́ rárá lórí rẹ̀. Nínú care plan, ìwé ètò ìtọ́jú ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n yẹ̀ wò, ìdá 73 ni ọ̀rọ̀ ẹnu kò sí nínú rẹ̀ tàbí tí wọ́n kàn fọwọ́ bà á.

Nígbà tí wọ́n padà lọ ní 2022, ìwé ti dára sí i: care plan tó sọ̀rọ̀ ẹnu ní kíkún ti kúrò ní ìdá 27 sí 60. Ilé tó sọ pé àwọn tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn kì í rí dókítà eyín NHS rárá sì ti fò láti ìdá 6 sí 25. Ìwé gbóòórò, dókítà dàwátì.

Kí ló yẹ kí ilé ṣe lọ́jọ́ tí Màmá bá wọlé?

Ìlànà NICE, àjọ tó ń kọ ìlànà ìtọ́jú, tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ NG48, ti oṣù keje ọdún 2016, ni ẹ máa dárúkọ fún wọn. Ó ní kí wọ́n yẹ ẹnu rẹ̀ wò bó ṣe ń wọlé, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú care plan. Ìwé àyẹ̀wò tó wọ́pọ̀ pín ẹnu sí ọ̀nà 8: ètè, ahọ́n, èrìgì, itọ́, eyín ara rẹ̀, eyín àtọwọ́dá, ìmọ́tótó ẹnu, àti ìrora. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba 0, 1 tàbí 2. Òdo ni pé ó dára; èjì ni pé kí wọ́n wá dókítà.

Wọ́n gbọ́dọ̀ béèrè ìgbà tó rí dókítà eyín kẹ́yìn, bí eyín àtọwọ́dá rẹ̀ bá ní orúkọ lára, àti ohun tó fi ń fọ eyín nílé. Ẹ kọ orúkọ oògùn rẹ̀ fún wọn kí dókítà eyín lè rí i: warfarin tàbí apixaban ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pẹ́ kó tó dá bí wọ́n bá yọ eyín, alendronic acid, oògùn egungun, lè mú kí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ má san lẹ́yìn yíyọ eyín, ọ̀pọ̀ oògùn ìtọ̀ àti ti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn sì ń gbẹ itọ́ lẹ́nu, eyín sì ń yára jẹrà níbi tí itọ́ kò bá sí.

Fún àgbà Yorùbá, ohun méjì kan wà tí kò sí nínú fọ́ọ̀mù wọn. Bí Bàbá bá ti ń run orín láti kékeré, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Ó lè máa run ún lọ bí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣì le, kí wọ́n sì fi ọṣẹ eyín tó ní fluoride kún un, ṣùgbọ́n fún ẹni tí gbígbé nǹkan mì ń ṣòro fún, fọ́nrán orín lè há a lọ́nà ọ̀fun. Èkejì ni èdè. Ẹni tí àrùn ìgbàgbé bá ń bá jà sábà máa ń padà sínú èdè tó kọ́kọ́ gbọ́. Màmá á ní "eyín ń ro mí," òṣìṣẹ́ tí kò gbọ́ Yorùbá á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ń pariwo, wọ́n á fún un ní oògùn ìtùnú. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà sórí páálí, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe máa pè é, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀: eyín, ẹnu, ó ń ro mí, ó ń ta mí, ó gbóná, ó tó.

Mo jẹ́ òṣìṣẹ́. Báwo ni kí n ṣe fọ ẹnu àgbà dáadáa?

Ẹ jẹ́ kó jókòó gbọọrọ, kí àgbọ̀n rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó gbórí sẹ́yìn, nítorí omi àti ìdọ̀tí á gba ọ̀nà èémí lọ. Kòkòrò ẹnu tó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró báyìí lè di òtútù àyà, òtútù àyà sì ń pa àgbà. Búrọ́ọ̀ṣì olórí kékeré, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ kó tó sùn. Ọṣẹ eyín tó ní fluoride 1,350 sí 1,500 ppm (wọ́n ń kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀), ìwọ̀n èso ẹ̀wà kékeré. Kó tu ú dànù, kó má fi omi yọ́ ẹnu, kí fluoride lè dúró. Ẹni tí kò lè tutọ́ tàbí tí gbígbé mì ṣòro fún, ọṣẹ tí kì í hó ni kí ẹ lò, kí ẹ kàn fi pa orí búrọ́ọ̀ṣì. Ẹni tí eyín rẹ̀ ń jẹrà gan-an, dókítà lè kọ ọṣẹ 2,800 tàbí 5,000 ppm fún un.

Ẹ má gbàgbé àárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti èrìgì. Oúnjẹ àárọ̀ máa ń wà níbẹ̀ títí di alẹ́ fún ẹni tí rọpárọsẹ̀ ti mú apá kan ojú rẹ̀, nítorí kò mọ̀ ọ́n lára mọ́.

Eyín àtọwọ́dá: ẹ yọ ọ́ jáde, ẹ fi omi sínú básíà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kó má baà fọ́ bó bá já bọ́. Búrọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ lọ́tọ̀ àti ọṣẹ ìfọwọ́ lásán tó. Ọṣẹ eyín gidi máa ń ha á, inú ojú ibi tó ha náà ni kòkòrò ń sá sí. Omi gbígbóná ń mú kó tẹ̀, kò sì ní wọ ẹnu mọ́. Kí ẹ tó dá a padà, ẹ fọ èrìgì, ahọ́n àti òkè ẹnu pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀. Lálẹ́, kó wà níta nínú ike olómi tó ní orúkọ. Ẹni tó ń fi í sùn ló sábà máa ń ní òkè ẹnu pupa tó ń ta á. Ẹ ti kóró ìfọ eyín àtọwọ́dá mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, torí ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ń gbàgbé lè rò pé súwíìtì ni.

Tìmùtìmù orí igi, èyí aláwọ̀ pupa rúsúrúsú tí wọ́n fi ń nu ẹnu, ẹ yàgò fún un. Orí rẹ̀ lè já sínú ẹnu. MHRA, àjọ tó ń ṣọ́ oògùn àti ohun èlò ìtọ́jú, kìlọ̀ lórí rẹ̀ ní 2012, Wales sì fòfin dè é. Kì í tilẹ̀ í yọ ìdọ̀tí ara eyín.

Bàbá pa ẹnu dé, ó ń gbá ọwọ́ wa dànù. Ṣé a lè fi tipá fọ̀ ọ́?

Ẹ má ṣe é. Mental Capacity Act 2005, òfin lórí ẹni tí kò lè dá ìpinnu ṣe mọ́, ló ń darí ọ̀rọ̀ yìí. Bó bá lóye ohun tí ẹ fẹ́ ṣe tó sì kọ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Bí kò bá lóye mọ́, ohun tó dára jù fún un ni ẹ máa ṣe, ní ọ̀nà tó ni í lára kéré jù, kí ẹ sì kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀.

Ọgbọ́n wà tó ń ṣiṣẹ́ kó tó di ìjà. Ẹ fún un ní búrọ́ọ̀ṣì kan lọ́wọ́ kó dì í mú bí ẹ ṣe ń lo èkejì. Ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó parí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ gbé ọwọ́ yín lé ọwọ́ rẹ̀ kí ẹ jọ máa fọ̀ ọ́. Ẹ kọrin tó mọ̀. Bí kò bá gbà, ẹ kúrò níbẹ̀, kí ẹlòmíràn wá lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú. Ojú tuntun máa ń tu àgbà nínú. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ lójijì, ẹ wo ẹnu rẹ̀ dáadáa, ó lè jẹ́ pé nǹkan ń dùn ún níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ náà, ẹ gbọ́ èyí: jíjẹ́ àkọ́bí kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti fọwọ́ sí ìwé yíyọ eyín fún òbí tí kò lóye mọ́. Ẹni tó ní lasting power of attorney ti ìlera, ìwé àṣẹ láti ṣe ìpinnu fún un, tí òbí fọwọ́ sí nígbà tí ọpọlọ rẹ̀ ṣì pé, tàbí ẹni tí ilé ẹjọ́ yàn, ló ní in. Wọ́n gbọ́dọ̀ béèrè èrò yín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín nìkan kọ́ ló máa parí rẹ̀.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ pé wọ́n ń fọ ẹnu Màmá lóòótọ́?

Ẹ lọ láago mẹ́wàá àárọ̀, kí ẹ fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Bó bá gbẹ bí igi ìdáná, tí ìwé sì sọ pé wọ́n fọ ẹnu láago mẹ́jọ, ẹ ti rí ìdáhùn. Ẹ wo ọṣẹ eyín: eyí tí ẹ rà ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn tó ṣì kún dé ọrùn kò tíì ṣe iṣẹ́ kankan. Ẹ wo ìwé àkọsílẹ̀ náà: àmì kan náà, ìkọ̀wé kan náà, aago kan náà fún ọjọ́ mọ́kànlélógún, láìsí ọjọ́ kan tó kọ̀, ẹnì kan ló jókòó kọ gbogbo rẹ̀. Ìwé gidi máa ń dọ̀tí. Á ní "ó kọ̀ láàárọ̀, ó gbà lọ́sàn-án."

Láti 6 oṣù kẹrin ọdún 2024, òfin ti fi dandan lé e pé kí ilé àgbà jẹ́ kí ènìyàn gba àlejò, àfi bí ìdí pàtàkì bá wà. Ẹ lè lọ lásìkò tí wọ́n ń fọ ẹnu. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ ń yẹra kí wọ́n má baà sọ pé wọ́n ń ṣọ́ni. Àbójútó náà nìyẹn. Olùbẹ̀wò lè má dé fún ọdún mẹ́ta, ẹ̀yin lè dé lọ́jọ́ Sátidé.

Eyín àtọwọ́dá Màmá ti sọnù nígbà kejì.

Ibi mẹ́ta ló sábà máa ń lọ: inú bẹ́ẹ̀dì, dé ibi ìfọṣọ, inú tíṣù lórí àwo oúnjẹ, dé inú ike ìdọ̀tí, tàbí ẹnu ẹlòmíràn. Bí ẹ bá ń ṣe tuntun, ẹ sọ fún dókítà kó tó parí rẹ̀ pé kí wọ́n kọ orúkọ sínú ike náà. Ti àtijọ́, kíìtì ìkọrúkọ wà tí ilé lè rà. Ẹ béèrè ìlànà wọn lórí ohun ìní tó sọnù kí ẹ tó sanwó fún òmíràn. Ẹ kọ ọ́ ní lẹ́tà, torí oṣù púpọ̀ láìsí eyín túmọ̀ sí oúnjẹ lílọ̀, àti kí ara máa rù.

Dókítà eyín kankan kò gbà á. Kí la máa ṣe?

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé náà bóyá wọ́n ti kọ̀wé sí Community Dental Service ti agbègbè. Àwọn yìí ló ń tọ́jú ẹni tí kò lè jókòó sórí àga dókítà lásán, àwọn mìíràn nínú wọn sì ń lọ sílé. Ó sábà máa ń gba lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ dókítà tàbí ilé. Bí ìrora, wíwú tàbí ẹ̀jẹ̀ bá wà, 111 ni ẹ máa pè. Bí wíwú náà bá ti dé ọrùn, tí èémí tàbí gbígbé mì ń ṣòro, 999 ni, láìdúró. Bí ilé bá ní àwọn ti pè títí, ẹ ní kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ ìpè náà hàn yín, kí ẹ sì fi í ránṣẹ́ sí ICB, torí ICB ló ń ra iṣẹ́ yẹn pẹ̀lú owó ìjọba.

Ṣé ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún?

Oògùn ló di ọ̀fẹ́ ní 60. Ìtọ́jú eyín kò sí níbẹ̀, gbígbé ní ilé àgbà kò sì sọ ọ́ di ọ̀fẹ́. Láti oṣù kẹrin ọdún 2025, iye owó NHS ìsọ̀rí kìíní, ti àyẹ̀wò, jẹ́ £27.40, èkejì, ti dídí àti yíyọ, £75.30, ẹ̀kẹta, ti adé eyín àti eyín àtọwọ́dá, £326.70. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń san án fún odidi ìtọ́jú kan. Wọn kì í fi ìsọ̀rí kan lé òmíràn.

Ẹni tó ń gba Pension Credit, owó ìrànwọ́ ìjọba fún àgbà tí owó rẹ̀ kéré, ní apá Guarantee Credit kì í san nǹkan kan. Apá Savings Credit nìkan kò tó. Ẹni tí owó rẹ̀ kéré lè fi fọ́ọ̀mù HC1 béèrè ìwé HC2, tó ń sọ pé kò ní sanwó. Bí káńsù bá ń bá a sanwó ilé àgbà, fọ́ọ̀mù kúkúrú rẹ̀ ni HC1(SC). Ẹ má jẹ́ kí òṣìṣẹ́ kàn fi àmì sí "ọ̀fẹ́" fún un láìwádìí: owó ìtanràn lè tó £100, ti ìtọ́jú náà sì wà lórí rẹ̀.

A ní ẹ̀sùn. Ilẹ̀kùn wo la máa kàn?

Ilé náà ni ẹ máa kọ́kọ́ kọ̀wé sí, pẹ̀lú ọjọ́, aago àti fọ́tò. Bí ó bá jẹ́ ilé àgbà tí ìdáhùn wọn kò sì tẹ́ yín lọ́rùn, Local Government and Social Care Ombudsman, ilé iṣẹ́ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú, ni, kódà bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni ẹ ń sanwó. Bó bá jẹ́ eyín NHS, ẹ lè kọ̀wé sí ilé eyín náà tàbí sí ICB. Bí kò bá yanjú, Parliamentary and Health Service Ombudsman. Eyín tí ẹ fowó ara yín ṣe, Dental Complaints Service. Ẹ má jẹ́ kó kọjá oṣù 12. Dókítà tí iṣẹ́ rẹ̀ léwu, GDC. Àgbà tí wọ́n ń fìyà jẹ tàbí tí wọ́n pa tì, ẹ má dúró de ìdáhùn lẹ́tà kankan: ẹ pe ẹ̀ka safeguarding, ti ìdáàbòbò àgbà, ní káńsù lọ́jọ́ náà, Care Act 2014 ló fi dandan lé wọn láti wádìí.

CQC kì í bá ẹnì kọ̀ọ̀kan yanjú ẹjọ́. Ẹ ṣì sọ fún wọn lórí 03000 616161, nítorí ohun tí wọ́n ń gbọ́ ló ń sọ ilé tí wọ́n máa lọ. CQC lágbára láti kọ ìwé ìkìlọ̀, láti ní kí ilé má gba ẹni tuntun, láti gbé e lọ sílé ẹjọ́, títí dé fífagi lé ìforúkọsílẹ̀.

Òṣìṣẹ́ ni mí, físà mi sì wà lọ́wọ́ ilé tí mo fẹ́ fẹjọ́ sùn.

Public Interest Disclosure Act 1998 ló ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ tó bá tú irú àṣírí bẹ́ẹ̀ fún CQC. Ẹ lè sọ ọ́ láìdárúkọ ara yín. Kí a má tan ara wa: bí ilé bá pàdánù ìwé àṣẹ sponsor, èyí tó fi ń gba òṣìṣẹ́ onífísà, Home Office sábà máa ń fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ 60 láti rí agbanisíṣẹ́ mìíràn. Láti 11 oṣù kẹta ọdún 2024, agbanisíṣẹ́ tó bá fẹ́ ṣe sponsor fún care worker ní England gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ CQC, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ ilé tuntun lórí ìkànnì CQC kí ẹ tó fọwọ́ síwèé. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà payslip yín àti ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yín. Ẹ má ya fọ́tò ojú tàbí ẹnu àgbà sórí fóònù ara yín láti fi ṣe ẹ̀rí: ìyẹn lè padà di ẹjọ́ tiyín. Ẹ kọ ọjọ́, aago àti ohun tí ẹ rí sílẹ̀, ó tó.

Ẹnì kan là ń sanwó fún láti wá tọ́jú Bàbá nílé. Ṣé CQC ń ṣọ́ òun náà?

Bó bá jẹ́ agency ló rán an wá láti máa wẹ̀ ẹ́ tàbí fọ ẹnu rẹ̀, agency náà gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ gbà á síṣẹ́ fúnra yín, CQC kò sí níbẹ̀, ẹ̀yin ni CQC. Ẹ ní kó fi ẹ̀rí DBS hàn, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti bá ṣiṣẹ́ rí, kí ẹ sì kọ ètò ìfọnu sórí ìwé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí balùwẹ̀.

Bí olùbẹ̀wò bá wọlé nígbà tí a wà níbẹ̀, ṣé a lè bá a sọ̀rọ̀?

Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀, láìjẹ́ kí mánéjà dúró tì yín. Ẹ béèrè iyàrá kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí bí oúnjẹ kò ṣe ní ata, ohun tí wọ́n lè yẹ̀ wò lójú ẹsẹ̀ ni kí ẹ sọ: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo care plan Màmá mi ní apá ẹnu, kí ẹ sì wo búrọ́ọ̀ṣì tó wà lórí básíà rẹ̀ nísinsìnyí."